Gáàsì wà nínú sìlíńdà, iná kò sì lágbára: bí a ṣe ń wá ìdí rẹ̀

Bí omi ẹ̀bà bá wà lórí iná fún ogún ìṣẹ́jú tí kò hó, ohun àkọ́kọ́ tó máa ń jáde lẹ́nu onílé ni pé, “Àwọn tó rọ gáàsì yìí fún mi ti rẹ́ mi jẹ.” Ní Ìjẹ̀bú-Òde tí mo ti ń ṣiṣẹ́ gáàsì, mo ti gbọ́ ọ títí tó fi di orin létí mi. N kì í bá wọn jiyàn. Mo kàn máa ń sọ pé, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi tan gbogbo ojú kúkà náà kí n rí i.” Nígbà míì, olùta gáàsì jẹ̀bi lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí mo sábà máa ń bá ni rẹ́gúlétọ̀ (irin tí a ń dè mọ́ ẹnu sìlíńdà) tó ti gbó, họ́ọ̀sì tó ká kò sẹ́yìn kúkà, tàbí ihò kan tí kò fẹ̀ tó ojú abẹ́rẹ́ tí ọbẹ̀ ti dà sí, tó sì dí pa.

Ibi iná ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ máa rìn padà láti ibẹ̀ lọ sí ìdí sìlíńdà, kí ẹ yẹ nǹkan kan wò tán kí ẹ tó kan èkejì. Ẹni tó bá pààrọ̀ nǹkan mẹ́ta lọ́jọ́ kan náà, bí iná bá tiẹ̀ dára, kò ní mọ èyí tó gba owó rẹ̀ lásán.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun

Gáàsì ìdáná wa, àpòpọ̀ propane àti butane ni. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, nítorí náà tó bá ń jò, ilẹ̀ ló ń sùn sí: abẹ́ kábọ́ọ̀dù, inú gọ́tà, abẹ́ ibùsùn. Òun fúnra rẹ̀ kò ní òórùn. Wọ́n fi nǹkan tó ń rùn sí i ni, kí imú lè tètè mọ̀ pé ó wà. Bí ẹ bá gbọ́ òórùn náà, ọ̀rọ̀ iná tí kò lágbára ti parí fún ọjọ́ yẹn. Ẹ ti fáàfù orí sìlíńdà, ẹ ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, ẹ má tẹ súìṣì kankan, ì báà ṣe láti tàn án tàbí láti pa á. Ẹ kó àwọn ọmọ jáde, kí ẹ sì dúró síta kí ẹ tó pe oníṣẹ́ gáàsì. Ẹ má ṣá ìṣáná láti fi wá ibi tó ti ń jò. Mo mọ àwọn tó ń ṣe é, wọ́n á ní bàbá àwọn náà ń ṣe é. Omi ọṣẹ ni a fi ń wá a.

Ẹ wá abọ́ omi ọṣẹ kan, kànìnkàn, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó, òṣùwọ̀n tó lè gbé sìlíńdà, àti aago. Ó tán.

Ojú kan ni, àbí gbogbo rẹ̀?

Ẹ tan ojú kúkà kọ̀ọ̀kan ní òun nìkan, kí ẹ ṣí i dé òpin. Lẹ́yìn náà, ẹ tan gbogbo wọn pọ̀.

Bí ojú kan ṣoṣo bá ń ṣe bí aláìsàn tí àwọn yòókù ń jó geere, gáàsì kò kúrú. Ojú yẹn ló ní àrùn, ẹ fi sìlíńdà sílẹ̀. Bí gbogbo wọn bá rẹ̀wẹ̀sì, kódà nígbà tí ẹ tan ọ̀kan péré, ẹjọ́ wà lọ́dọ̀ sìlíńdà, rẹ́gúlétọ̀ tàbí họ́ọ̀sì. Ọ̀nà kẹta wà: ọ̀kan á máa jó dáadáa tó bá dá wà, ṣùgbọ́n tí ẹ bá tan gbogbo wọn, gbogbo wọn á wọlẹ̀. Nǹkan ló ń fún ọ̀nà gáàsì nìyẹn. Díẹ̀ lè kọjá, púpọ̀ kò lè kọjá. Èyí ni àwọn ènìyàn máa ń ṣì jù, torí pé ojú kan ni wọ́n fi ń dán rẹ́gúlétọ̀ wò, á sì dà bíi pé ara rẹ̀ le.

Ẹ wo àwọ̀ iná pẹ̀lú. Àwọn àgbà ní èéfín nìwà, rírú ní í rú. Iná gáàsì náà kì í lè fi tirẹ̀ pamọ́. Iná tó kúrú ṣùgbọ́n tó jẹ́ búlúù, gáàsì ni kò tó. Iná tó ga, tó pọ́n rúsúrúsú bíi ti àtùpà, tó ń kun ìdí ìkòkò dúdú, gáàsì wà níbẹ̀, afẹ́fẹ́ ni kò rí wọlé. Oògùn àwọn méjèèjì kò jọra.

Bó bá jẹ́ ojú kan

Ẹ pa á, kó tutù. Ẹ ṣí ọmọrí rẹ̀, ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn àwọn ihò etí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa kí ẹ tó dá a padà. Ẹ rí i pé ó jókòó sí ojú rẹ̀ gan-an. Tó bá wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, iná á ga lápá kan, á kú lápá kejì.

Nísàlẹ̀ ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí idẹ kékeré kan tó ní ihò láàárín orí. Jẹ́ẹ̀tì ni à ń pè é. Gbogbo gáàsì tí ojú yẹn ń jó, ihò yìí ló ń gbà. Ní ilẹ̀ wa níbí, ìkòkorẹ́ ni ọ̀tá rẹ̀: ó ń hó, ó ń ta, ó ń kán síbi tí kò yẹ, á sì gbẹ mọ́ ibẹ̀ bíi sìmẹ́ǹtì. (Mi ò ní ká má sè é o.) Ẹ ti fáàfù sìlíńdà, ẹ tú jẹ́ẹ̀tì náà, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi ọṣẹ gbígbóná, kí ẹ sì fẹ́ afẹ́fẹ́ gba inú rẹ̀. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ tàbí wáyà gún un. Idẹ kò le. Bí ihò náà bá fẹ̀ díẹ̀ péré, gáàsì tó ń gba ibẹ̀ á pọ̀ ju afẹ́fẹ́ tó yẹ kó bá a pò lọ, iná á sì máa pọ́n títí ẹ ó fi ra jẹ́ẹ̀tì mìíràn.

Àwọn kúkà tòkunbọ̀ tí wọ́n ń kó wá láti ìlú Ọba ní ọ̀rọ̀ tiwọn. Gáàsì tó ń gba páìpù abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn fún, ihò jẹ́ẹ̀tì wọn sì tóbi ju ti gáàsì sìlíńdà lọ. Kò sí iye ìgbà tí ẹ fọ irú kúkà bẹ́ẹ̀ tí iná rẹ̀ máa mọ́. Jẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ni kí ẹ pààrọ̀.

Bí iná bá pọ́n tí jẹ́ẹ̀tì kò sì ní nǹkan, ẹ yẹ ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé nísàlẹ̀ wò. Aláǹtakùn fẹ́ràn láti ta okùn síbẹ̀, pàápàá nínú kúkà tó wà nílé tí wọ́n ń wá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún.

Bó bá jẹ́ gbogbo ojú

Òṣùwọ̀n ló kọ́kọ́ kàn, kí ọ̀rọ̀ olùta gáàsì lè kúrò nílẹ̀. Wọ́n lu nọ́ńbà kan mọ́ irin sìlíńdà, nítòsí ọwọ́ tí a fi ń gbé e: ìwúwo rẹ̀ nígbà tó ṣófo. Ẹ ti fáàfù, ẹ tú rẹ́gúlétọ̀ kúrò, ẹ gbé sìlíńdà sórí òṣùwọ̀n, kí ẹ yọ nọ́ńbà náà kúrò nínú ohun tí ẹ rí. Sìlíńdà kílò 12.5 tí irin rẹ̀ jẹ́ kílò 15, tó wá wọn kílò 19, kílò 4 gáàsì ló kù níbẹ̀. Tó bá jẹ́ ìdajì kílò ló kù, ó ti ń tán nìyẹn, ẹ lọ rọ òmíràn. Bí ẹ kò bá ní òṣùwọ̀n, ẹ da omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ sìlíńdà láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ lé e. Ibi tí gáàsì wà á tutù. Òkè rẹ̀ á lọ́wọ́ọ́wọ́.

Níwọ̀n ìgbà tí gáàsì olómi bá ṣì wà nínú sìlíńdà, prẹ́ṣọ̀ rẹ̀ (agbára tó fi ń ti ara rẹ̀ jáde) kì í fi bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀ nítorí pé ó ti dín kù. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń rẹ́rìn-ín tí ẹnì kan bá ní, “Ó ti dé ìdajì ni kò ṣe lágbára mọ́.” Òtútù ló ń rẹ prẹ́ṣọ̀ sílẹ̀. Ohun olómi tó wà nísàlẹ̀ sìlíńdà gbọ́dọ̀ gba ooru láti ara irin àti afẹ́fẹ́ àyíká kó tó lè gòkè di gáàsì. Bí ẹ bá ń fà á yára ju bí ooru ṣe ń wọlé lọ, sìlíńdà á tutù, á máa làágùn, iná á sì máa wọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ Ojúde Ọba ni mo máa ń rí i jù. Ẹnì kan á so ojú iná ńlá mẹ́ta mọ́ sìlíńdà kílò 6 kan, ó fẹ́ fi se ìrẹsì àlejò. Ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́, iná á máa ké ramúramù. Tó bá di ìdajì wákàtí, ó ti di iná àbẹ́là. Wọ́n á pè mí, èmi á sì ní kí wọ́n pa á fún wákàtí kan. Tí wọ́n bá tún un tàn, agbára ti padà. Àrùn tí ìsinmi bá ń wò sàn, òtútù ni. Sìlíńdà tó tóbi ni oògùn rẹ̀, tàbí kí wọ́n pín àwọn ojú iná náà sórí méjì. Ẹ má gbé sìlíńdà sínú omi gbígbóná, ẹ má sì gbé e súnmọ́ iná láti fi mú un lọ́wọ́ọ́rọ́. Ní ti ọyẹ́, ẹ má dá a lẹ́bi: butane pàápàá ń di gáàsì níbi tí ìgbóná ojú ọjọ́ bá ti ju nǹkan bí òdo lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìdájí ọyẹ́ wa ní Ìjẹ̀bú kò sì sún mọ́ ibẹ̀ rárá.

Fáàfù ló kàn. Ẹ ṣí i dé òpin, ṣùgbọ́n pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Àwọn rẹ́gúlétọ̀ kan ní ẹ̀ṣọ́ nínú tó máa ń ti ọ̀nà bí gáàsì bá tú yàà. Tí ẹ bá ṣí fáàfù lójijì, ẹ̀ṣọ́ náà á rò pé họ́ọ̀sì ti já, gáàsì díẹ̀ ló sì máa jẹ́ kó kọjá. Ẹ ti fáàfù, ẹ kà dé 30, kí ẹ tún un ṣí pẹ̀lú sùúrù. Mo ti rí ilé tí ìwọ̀nyí nìkan ti yanjú ọ̀rọ̀, tí n kò sì lè gbowó lọ́wọ́ wọn.

Ẹ fọwọ́ tọ họ́ọ̀sì láti òpin dé òpin. Ibi tó ká, ibi tí ẹsẹ̀ kúkà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ibi tó yọ́, ibi tí kílíìpù fún un jù, gbogbo wọn lè dí ọ̀nà. Tó bá ti le bí igi, tàbí tó ń sán tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ láìwo ti iná.

Mo fi rẹ́gúlétọ̀ sẹ́yìn torí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gba prẹ́ṣọ̀ ńlá inú sìlíńdà, kó sì fi ìwọ̀nba ránṣẹ́ sí kúkà: mílíbà (òṣùwọ̀n prẹ́ṣọ̀ ni) 28 sí 30 lórí èyí tí wọ́n ṣe fún ìdáná ilé. Wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀, wọ́n sì kọ iye kílò gáàsì tó lè gba inú rẹ̀ kọjá ní wákàtí kan. Ẹ ka méjèèjì. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ fi rẹ́gúlétọ̀ àwọn tó ń dín àkàrà lójú títì, èyí tó ní ọwọ́ tí wọ́n ń yí láti fi kún prẹ́ṣọ̀, sí kúkà ilé. Iná á lágbára lóòótọ́. Ó sì lè já họ́ọ̀sì yín kúrò lẹ́nu kúkà nígbà tí ẹ wà ní yàrá.

Ihò kékeré kan wà lára rẹ́gúlétọ̀ tí ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ó ti lu ni. Ibẹ̀ ni rọ́bà inú rẹ̀ ti ń mí. Bí sìlíńdà bá wà níta, bó ṣe yẹ kó wà, agbọ́n tó ń fi amọ̀ kọ́lé máa ń fẹ́ràn ihò náà. Mo bá a ní ilé kan ní Mákún, ní Ṣàgámù: agbọ́n ti rẹ́ ẹ pa, rọ́bà kò lè gòkè, kò lè sọ̀, ẹ̀gbọ́n tó ni ilé sì ti rọ gáàsì lẹ́ẹ̀mejì, ó ti bá olùta gáàsì méjì jà. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbá amọ̀ náà kúrò láti òde, ẹ má gún nǹkankan wọlé. Ẹ má tú rẹ́gúlétọ̀ palẹ̀. Kò sí ohun tí onílé lè tún ṣe nínú rẹ̀. Ńṣe ni a ń pààrọ̀ rẹ̀. Tí ẹ bá ń lọ rà á, ẹ mú ti àtijọ́ dání kó má bàa di pé ẹ rà èyí tí kò wọ ẹnu sìlíńdà yín.

Ẹ fi omi wọn gáàsì

Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ bọ̀, ojú àti ọwọ́ ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Ohun kan wà tó ń sọ ọ́ ní nọ́ńbà, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan: họ́ọ̀sì tó mọ́ gaara, tó gùn tó mítà kan àtààbọ̀, tí a tẹ̀ bíi lẹ́tà U sára pákó, tí a sì bu omi sí dé ìdajì. Ẹ fi osùn díẹ̀ kun omi náà kí ojú lè rí i. Ẹnu kan á wà ní ṣíṣí. Ẹnu kejì ni a ó so mọ́ ọ̀nà gáàsì, lẹ́yìn rẹ́gúlétọ̀. Mo ní lẹ́yìn rẹ́gúlétọ̀ o. Ẹni tó bá so ó mọ́ sìlíńdà gbangba á fi omi osùn wẹ̀. Gáàsì á ti omi sísàlẹ̀ lápá kan, á gbé e sókè lápá kejì. Ẹ fi rúlà wọn ìyàtọ̀ ojú omi méjèèjì: sẹ̀ǹtímítà kan fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú mílíbà kan.

Mi ò ní kí onílé gé họ́ọ̀sì ara rẹ̀ láti so ó. Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ gáàsì ṣe é, kí ẹ dúró tì í, kí ẹ bá a kà á.

Tí kò sí iná kankan tó ń jó, ìyàtọ̀ náà yẹ kó wà ní nǹkan bí 30. Tó bá kéré gan-an bẹ́ẹ̀ tí gáàsì sì wà, rẹ́gúlétọ̀ ti kú. Tó bá ń gòkè díẹ̀díẹ̀ láìdúró, tó kọjá 35, rẹ́gúlétọ̀ kò lè ti ilẹ̀kùn mọ́. Ẹ sọ ọ́ nù, ì báà jẹ́ pé iná yín ń jó dáadáa. Nísinsìnyí, ẹ tan gbogbo ojú. Omi á sọ̀ díẹ̀, kò burú. Bó bá sọ̀ títí tí kò fi tó 20 mọ́, ẹ ti mú olè, ó ku ibi tó fara pamọ́ sí. Ẹ wọ̀n ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ́gúlétọ̀, kí ẹ tún wọ̀n ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kúkà. Bó bá dára ní ti àkọ́kọ́ tí kò dára ní ti èkejì, họ́ọ̀sì tàbí páìpù ló jẹ ẹ́ láàárín. Bí kò bá dára níbi méjèèjì, rẹ́gúlétọ̀ kéré jù, tàbí sìlíńdà ń tutù. Bí nọ́ńbà bá sì dúró dáadáa níbi gbogbo tí iná ṣì kúrú, ẹ padà sọ́dọ̀ jẹ́ẹ̀tì.

Hítà omi onígáàsì, àti bọ́ílà ọmọ ẹ̀gbọ́n mi

Àwọn ilé tí wọ́n ń kọ́ báyìí ní Ìpẹ̀rù àti Ìkẹ́nnẹ́ ń lo hítà tó ń fi gáàsì gbóná omi bó ṣe ń kọjá. Ẹ̀rọ yìí a máa jẹ gáàsì. Èyí tó kéré, tó ń gbóná nǹkan bíi lítà 6 ní ìṣẹ́jú kan, lè jẹ nǹkan bíi kílò kan ní wákàtí kan, nígbà tí ojú kúkà kan kì í sábà jẹ tó ìdámẹ́rin ìyẹn. Rẹ́gúlétọ̀ àti sìlíńdà kékeré tó ń tó kúkà kò ní tó o.

Síbẹ̀, omi ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Omi tó ń ṣàn ló ń ti fáàfù gáàsì ṣí nínú hítà yẹn. Mítà kan gíga táńkì lórí rẹ̀ ń fún un ní nǹkan bíi ìdámẹ́wàá bar kan péré (bar kan jẹ́ ẹgbẹ̀rún mílíbà). Táńkì tó jókòó sórí òrùlé bọ́ńgálò lè má tó ohun tí wọ́n kọ sára hítà náà, iná kò sì ní tàn, tàbí kó máa tàn kó máa kú. Ẹ wo bátìrì rẹ̀ pẹ̀lú, àti asẹ́ kékeré tó wà lẹ́nu ibi tí omi ń gbà wọlé.

Ibi tí wọ́n kàn án mọ́ ṣe pàtàkì ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ. Ẹ má gbé e sínú balùwẹ̀ tó tì pa. Iná tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó ń mú carbon monoxide jáde. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ó sì ń pa ènìyàn. Bí iná hítà yín bá pọ́n, tí orí sì ń fọ́ ẹni tó bá wẹ̀ jáde, ẹ pa á, ẹ má tún un tàn kí oníṣẹ́ tó rí i.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pè mí láti London nígbà òtútù ọdún kan, nítorí bọ́ílà, ẹ̀rọ tó ń fi gáàsì gbóná omi tó ń mú ilé wọn móoru. “Bọ̀dá, prẹ́ṣọ̀ bọ́ílà wa ti lọ sílẹ̀, ilé ti tutù, gáàsì ni àbí?” Mo ní kó ka agogo iwájú rẹ̀ fún mi. Ó ní ó kù díẹ̀ kó kan òdo. Ìyẹn kì í ṣe gáàsì rárá. Prẹ́ṣọ̀ omi tó ń yí ká ilé ni agogo yẹn ń kà, ó sì sábà máa ń wà láàárín bar 1 sí 1.5 bí bọ́ílà bá tutù. Ó fi omi kún un bí ìwé rẹ̀ ṣe wí, ilé móoru. Ká ní gáàsì ni, ìbéèrè mi kò ní yàtọ̀: ṣé kúkà náà rẹ̀wẹ̀sì? Bí bọ́ílà nìkan bá ni, ó lè jẹ́ páìpù mìlímítà 15 tó gùn, tó ní ìgbọ̀nwọ́ púpọ̀, níbi tó yẹ kí 22 wà. Gáàsì tiwọn máa ń wà ní nǹkan bíi mílíbà 21 lójú mítà nígbà tí iná ń jó, wọn kò sì fẹ́ kó ju mílíbà kan lọ tó sọnù kó tó dé ìdí bọ́ílà. Òun fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣí i wò. Òfin ibẹ̀ ní òṣìṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé Gas Safe ni kó ṣe é.

Kí ẹ tó kúrò nídìí rẹ̀

Ohunkóhun tí ẹ bá tú tí ẹ dá padà, ẹ fi omi ọṣẹ kùn ún: ẹnu sìlíńdà, rẹ́gúlétọ̀, ẹnu họ́ọ̀sì méjèèjì. Ẹ pa gbogbo ojú kúkà, ẹ ṣí fáàfù, ẹ dúró wò ó fún ìṣẹ́jú kan. Bí ìhó bá ń wú, ẹ ti fáàfù, ẹ tún un dè. Bí kò bá wú, ẹ gbé lítà omi kan kaná pẹ̀lú ọmọrí lórí ojú tó tóbi jù, kí ẹ fi aago ká a. Ìṣẹ́jú tó bá gbà kó tó hó lónìí, ẹ fi máákà kọ ọ́ sára ògiri lẹ́yìn kúkà, pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ ra rẹ́gúlétọ̀ àti họ́ọ̀sì. Nígbà tí ẹ bá tún pè mí, ibẹ̀ ni mo máa kọ́kọ́ wò.